Àwo The Clash Wo Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Gbọ́? Ìfiwéra fún Ẹni Tó Ń Fetí sí Ọ̀rọ̀ Orin

Ẹ kó olólùfẹ́ mẹ́rin ti The Clash, ẹgbẹ́ olórin pọ́ńkì (orin rọ́ọ̀kì oníjàgídíjàgan) láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jọ sínú yàrá kan, awuyewuye márùn-ún lẹ máa bá níbẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ á ní kò sí àwo tó tó àkọ́kọ́ wọn, ti 1977. Èkejì á ní *London Calling* ni, àti pé ẹni tí kò bá gbà kò mọ orin. Ẹ̀kẹta á máa gbèjà *Sandinista!*, ojú rẹ̀ á sì kọ́rẹ́ bí ẹnikẹ́ni bá ní ó ti gùn jù. Ẹ̀kẹrin, tó jẹ́ pé orí rédíò ló ti pàdé wọn, á rọra béèrè pé kí ló burú nínú "Rock the Casbah". Awuyewuye karùn-ún ló wá dùn jù, torí gbogbo wọn ni yóò dá sí i: kí ni Joe Strummer, akọrin wọn, ń sọ gan-an? Ọkùnrin náà máa ń jẹ ọ̀rọ̀ mọ́ ẹnu débi pé ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dójú àmì náà ní láti yí àwo padà kó tó mọ ohun tó wí. Ẹni tó bá ti gbé láàárín àwọn tó ń jà lórí Barrister àti Kollington mọ irú ìjà yìí dáadáa, àfi pé inú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni àwọn wọ̀nyí ti ń ja tiwọn.

Tí ẹni tí kò gbọ́ wọn rí bá béèrè ibi tí òun á ti bẹ̀rẹ̀, ariwo gìtá ni wọ́n sábà máa ń fi dá a lóhùn: èyí le, èyí rọ̀. Èmi ò ní fi ìyẹn wọ̀n ọ́n. Ọ̀rọ̀ orin ni mo fẹ́ fi gbé wọn yẹ̀ wò, ẹ sì jẹ́ kí n ti sọ ibi tí mo dúró sí. Ibi tí The Clash ti ń bi ara wọn léèrè ọ̀rọ̀ dára ju ibi tí wọ́n ti ń pàṣẹ fún aráyé lọ. Ẹni tí àṣẹ bá wù á ka ìmọ̀ràn mi sódì, yóò sì tún rí ohun tó ń wá.

Ìlú London ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní 1976. Strummer ló ń lé orin jù, òun ló sì ń kọ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Mick Jones ń ta gìtá, ó ń hun ohùn orin, ó sì ń lé àwọn kan fúnra rẹ̀. Paul Simonon ló di gìtá béèsì mú, Topper Headon tó dé ní 1977 ló ń lu ìlù. Orúkọ àbísọ Strummer ni John Graham Mellor, Ankara ní Turkey ni wọ́n bí i sí, torí bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nílẹ̀ òkèèrè. Àwọn tó fẹ́ bẹnu àtẹ́ lù ú kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí sinmi: ọmọ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń kọ orin mẹ̀kúnnù. Ẹ ó rí i níwájú pé òun náà mọ̀.

| Àwo | Ìgbà tó jáde | Iye orin |
|---|---|---|
| *The Clash* (ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì) | April 1977 | 14 |
| *The Clash* (ti Amẹ́ríkà) | July 1979 | 15 |
| *London Calling* | December 1979 | 19, àwo méjì |
| *Sandinista!* | December 1980 | 36, àwo mẹ́ta |
| *Combat Rock* | May 1982 | 12 |

Mo fo *Give 'Em Enough Rope* ti 1978. Ẹ gbọ́ orin àkọ́kọ́ rẹ̀, "Safe European Home", níbi tí Strummer àti Jones ti sọ bí ìbẹ̀rù ṣe mú wọn ní Kingston, Jamaica, ìlú orin tí wọ́n ti ń pariwo pé àwọn fẹ́ràn. Ìyẹn tó. Ní ti *Cut the Crap* ti 1985, Jones àti Headon ti kúrò kí wọ́n tó ṣe é. Ẹ má dá ara yín lágara.

"White Riot" tàbí "White Man"?

Orin méjì yìí ni kí ẹ fi dán ara yín wò kí ẹ tó náwó sórí àwo kankan.

"White Riot" jáde ní March 1977, kò sì tó ìṣẹ́jú méjì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní August 1976 ló bí i: níbi ayẹyẹ Notting Hill Carnival, ara àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú kò gba ìyọlẹ́nu àwọn ọlọ́pàá mọ́, ni wọ́n bá kọjú ìjà sí wọn. Strummer àti Simonon wà níbẹ̀. Ìbéèrè tí wọ́n gbé kúrò níbẹ̀ ni pé, kí ló dé tí ọ̀dọ́ aláwọ̀ funfun tí kò níṣẹ́, tí kò lówó, fi káwọ́ gbera? Orin náà dáhùn pé ilé-ẹ̀kọ́ ló sọ wọ́n dòpè, pé ó yẹ kí àwọn náà ní rògbòdìyàn tiwọn. Ẹni tó gbọ́ àkọlé nìkan máa ń gbà pé orin àwọn tó kórìíra aláwọ̀ dúdú ni, títí dòní ni wọ́n sì ń fa ọ̀rọ̀ yìí mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ẹ̀rí tó tako ìyẹn kò ṣòro rí. Ní 30 April 1978, ẹgbẹ́ yìí wà lára àwọn tó kọrin ní Victoria Park ní London, níbi àpéjọ ńlá tí Rock Against Racism ṣe lòdì sí ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Ẹ̀sùn tèmi yàtọ̀. Orin náà ń rán ẹlòmíràn níṣẹ́ òkúta jíjù, kò sì sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ tí ilẹ̀ bá mọ́. Mick Jones alára dé ibi tí kò fẹ́ ta á lórí ìtàgé mọ́.

Ní June 1978 ni "(White Man) In Hammersmith Palais" dé. Strummer lọ sí òde régè àṣemọ́jú kan ní gbọ̀ngàn Hammersmith Palais, níbi tí Dillinger, Leroy Smart àti Delroy Wilson láti Jamaica ti ń kọrin. Orin ọ̀tẹ̀ ló retí, fàájì ló bá. Ó wá yé e pé òun tí òun jẹ́ aláwọ̀ funfun láàárín èrò dúdú lòun fi ọ̀tẹ̀ tí òun ń wá di ẹrù lé àwọn tó kàn fẹ́ gbádùn alẹ́ wọn lórí. Láti ibẹ̀ ó yíjú sí àwọn ẹgbẹ́ pọ́ńkì tuntun. Wọ́n wọ kóòtù tó gún régé, wọ́n ń du ibi tí iná ìtàgé á ti mọ́lẹ̀ sí wọn lára, wọ́n ń sọ ọ̀tẹ̀ dowó. Ó ní bí Hitler bá fò wọ̀lú lónìí, mọ́tò ńlá ni wọ́n máa fi lọ pàdé rẹ̀.

Ta ló ń bá wí? Àwọn olólùfẹ́ púpọ̀ gbà pé The Jam, ẹgbẹ́ olórin mìíràn ìgbà náà, ni, torí àwọn ló máa ń wọ kóòtù. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní January 1977, The Clash fúnra wọn ti buwọ́ lùwé fún CBS, ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń gbé àwo jáde, £100,000 ni owó rẹ̀, Mark Perry tó ń ṣe ìwé ìròyìn *Sniffin' Glue* sì ti sọ pé ọjọ́ yẹn ni pọ́ńkì kú. Ẹni tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti bà kò lè kọ̀wé nípa ọ̀tẹ̀ tó di owó láìfura pé ó kan òun náà. Ẹ wo bó ṣe parí orin: ara rẹ̀ ló fi ṣe yẹ̀yẹ́, ẹni tí ń jẹ̀ lóru, tí ojú rẹ̀ kì í dára tí oòrùn bá là, tó jẹ́wọ́ pé fàájì náà lòun wá. Gìtá kò sáré, ìlù ń rìn jẹ́jẹ́ bíi ti régè. Fún mi, ibí yìí ni The Clash ti bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà.

Tí "White Riot" bá mú yín ju "White Man" lọ, ẹ ra ti 1977, kí ẹ sì má kà á síwájú.

Àkọ́kọ́ ti Gẹ̀ẹ́sì tàbí àkọ́kọ́ ti Amẹ́ríkà?

Ilé-iṣẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà kò kọ́kọ́ gbé àwo 1977 jáde, wọ́n ní ohùn rẹ̀ kò dán. Nígbà tí wọ́n máa gbé e jáde ní 1979, wọ́n yọ orin mẹ́rin kúrò ("Deny", "Cheat", "Protex Blue" àti "48 Hours"), wọ́n sì fi márùn-ún dípò, títí kan "White Man" àti "Complete Control". Àwọn olólùfẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ìbàjẹ́ ni. Wọ́n ní àwo ti àkọ́kọ́ jẹ́ odindi, ohùn àwọn ọmọ tí kò tíì mọ̀ bóyá ayé máa gbọ́ wọn. Òótọ́ ni. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí London ṣe rí lójú ọ̀dọ́ tí kò níṣẹ́ ní 1977, kò sí èyí tó tó o: "Career Opportunities" ń to iṣẹ́ tí wọ́n fi lọ̀ ọ́ lẹ́sẹẹsẹ, ó sì ń kọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n mo ti ní ọ̀rọ̀ orin la fi ń wọ̀n ọ́n, nídìí èyí sì ni ti Amẹ́ríkà fi borí lọ́wọ́ mi. "Complete Control" nìkan tó láti gba ẹ̀bùn náà. CBS gbé "Remote Control" jáde láìbi ẹgbẹ́ náà léèrè, ìyẹn ẹgbẹ́ tí wọ́n ti ṣèlérí fún pé ìṣàkóso orin wọn wà lọ́wọ́ wọn. Ni wọ́n bá fi ìbínú náà kọrin, Lee "Scratch" Perry, àgbà ọ̀jẹ̀ sítúdíò régè láti Jamaica, sì bá wọn ṣe é. Orin tó ń bú ilé-iṣẹ́, ilé-iṣẹ́ náà ló tún tà á. Àwọn olólùfẹ́ kan ń pe ìyẹn ní àgàbàgebè. Èmi rí i bí òṣìṣẹ́ tó ń ké gbàjarè látinú ilé ọ̀gá rẹ̀, ibòmíràn wo ló ti fẹ́ ké e?

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, "Police & Thieves" wà nínú rẹ̀. Junior Murvin ló kọ́kọ́ kọ ọ́ ní 1976, Lee Perry yìí náà ló sì bá a ṣe é. The Clash fà á gùn tó ìṣẹ́jú mẹ́fà, Bob Marley sì dárúkọ wọn nínú "Punky Reggae Party" ní 1977. "I'm So Bored with the USA" náà wà níbẹ̀. Jones kọ́kọ́ kọ ọ́ bí orin ẹni tí ọ̀rọ̀ olólùfẹ́ rẹ̀ ti sú, Strummer ló sọ olólùfẹ́ náà di Amẹ́ríkà. Ẹ̀rín máa ń pa mí tí mo bá gbọ́ àwọn tó ń túmọ̀ rẹ̀ bí ẹ̀kọ́ ìṣèlú láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

London Calling tàbí Sandinista!?

Níbi yìí ni ìjà ti ń le. Iye owó ni wọ́n fi jọra: The Clash fi dandan lé e pé kí wọ́n ta àwo méjì *London Calling* ní iye tí ó súnmọ́ ti àwo kan. Fún *Sandinista!*, àwo mẹ́ta, wọ́n yááfì owó tó yẹ kó kàn wọ́n lórí 200,000 àkọ́kọ́ tí wọ́n máa tà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn èyí, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Àkọlé *London Calling* kò ní ṣàjèjì sí àwọn tí bàbá wọn ti fi etí ti rédíò rí: gbólóhùn tí BBC fi ń ké sí àwọn olùgbọ́ òkèèrè lásìkò Ogun Àgbáyé Kejì ni. Àmọ́ ìròyìn ti Strummer burú. Odò ń kún bọ̀, oúnjẹ ń tán lọ, nǹkan átọ́míìkì ti ṣàṣìṣe. Ní March 1979 ni jàǹbá ṣẹlẹ̀ nílé-iṣẹ́ átọ́míìkì Three Mile Island ní Amẹ́ríkà. Bẹ́ẹ̀ náà ló tún sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n má wo ojú ẹgbẹ́ òun fún ìgbàlà. Olórí ọ̀tẹ̀ wo ló ń sọ bẹ́ẹ̀?

Orin mẹ́ta nínú àwo yìí ni àwọn olólùfẹ́ kì í yé jà lé lórí. "Spanish Bombs" mẹ́nu kan ogun abẹ́lé Spain àti Federico García Lorca akéwì tí wọ́n pa níbẹ̀. Èdè Spain tó wà nínú ègbè rẹ̀ kò tọ́, ẹni tó bá gbọ́ èdè náà máa mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Àwọn kan ní àìbìkítà ni. Lójú tèmi, ó bá orin náà mu: ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan ló ń ronú nípa ogun tí kò jà, lédè tí kò gbọ́, ó sì jẹ́ kí ìkólòlò rẹ̀ hàn. "Lost in the Supermarket" ní tirẹ̀, Jones ló lé e, gbogbo ayé sì gbà pé òun ló sọ ìtàn ìgbà èwe rẹ̀. Strummer ló kọ ọ́ fún un. "The Guns of Brixton" ni Simonon kọ, òun fúnra rẹ̀ ló sì lé e, ohùn rẹ̀ kò sì dùn rárá, béèsì rẹ̀ ló gbé e. Ọ̀pọ̀ rò pé rògbòdìyàn Brixton ti 1981 ló bí orin náà. Ọdún 1979 ló jáde. Ìbéèrè inú rẹ̀, bí ọlọ́pàá bá fọ́ ilẹ̀kùn rẹ wọlé báwo lo ṣe máa jáde sí wọn, ti wà nílẹ̀ kí iná tó jó. (Ẹ má da ara yín láàmú lórí "Train in Vain". Kò sí ọkọ̀ ojú irin kankan nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, orúkọ rẹ̀ kò sì sí lẹ́yìn páálí àwo nígbà tó kọ́kọ́ jáde, torí ìgbà tí wọ́n ti tẹ páálí tán ni wọ́n fi í kún un.)

*Sandinista!* fa orúkọ rẹ̀ látọ̀dọ̀ àwọn ajàjàgbara tó lé Somoza kúrò lórí oyè ní Nicaragua ní July 1979, kódà nọ́ńbà tí wọ́n fún àwo náà ni FSLN1, lẹ́tà ẹgbẹ́ àwọn ajàjàgbara náà. Ẹni tó bá rí ìyẹn máa retí ìwàásù. Ẹ fi "Washington Bullets" yẹ̀ ẹ́ wò. Ó dárúkọ Chile àti Víctor Jara olórin tí àwọn ológun pa, ó dárúkọ Cuba. Nígbà tí ẹ bá ti rò pé Amẹ́ríkà nìkan ló ń bú, ó yà sí Afghanistan níbi tí ọmọ ogun Rọ́ṣíà wà, ó yà sí Tibet níbi tí ti China wà, kò sì yọ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ta ohun ìjà sílẹ̀. Àwọn olólùfẹ́ tó fẹ́ kí ó dúró sẹ́yìn apá kan ṣoṣo kò fẹ́ràn ẹsẹ yẹn. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo ìyókù lọ. "The Magnificent Seven" tẹ̀ lé e lọ́wọ́ mi: New York ni wọ́n ti ṣe é ní 1980, nígbà tí orin ráàpù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde sí gbangba, Strummer sì fi ráàpù ròyìn ọjọ́ òṣìṣẹ́ kan láti ìgbà tí aago ti jí i.

Ìṣòro ibẹ̀ kò farasin. Orin 36 ni, àwọn kan nínú wọn kì í ṣe orin bí kò ṣe eré sítúdíò. Ọmọdé méjì ló tún "Career Opportunities" kọ. Orin kan wà tí wọ́n yí padà sẹ́yìn. Ìdí nìyí tí gbogbo olólùfẹ́ *Sandinista!* fi ní ìwé kékeré tó fi yọ mẹ́wàá tàbí méjìlá jáde, tí kò sì sí méjì tó bára mu. Tèmi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "The Magnificent Seven", ó gba "Somebody Got Murdered", "Police on My Back" tí Eddy Grant kọ fún The Equals, "The Call Up", ó sì parí sí "Washington Bullets". Ẹni tí kò ní sùúrù yíyọ nǹkan kó má dé ìdí rẹ̀.

*London Calling* ni mo fi síwájú. Ìwé ìròyìn *Rolling Stone* pè é ní àwo tó dára jù lọ láàárín 1980 sí 1989. January 1980 ló wọ Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe lè kà á mọ́ ọn, àwọn ará London sì ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín títí di báyìí.

Combat Rock: orin ilé ijó tàbí "Straight to Hell"?

Àwo yìí ló tà jù, òun náà sì ni àwọn olólùfẹ́ àtijọ́ ń fojú tínrín. Headon ló gbé ohùn "Rock the Casbah" kalẹ̀, òun ló lu ìlù rẹ̀, tó tẹ dùùrù, tó sì ta béèsì. Ní àsìkò tí àwo náà jáde ni wọ́n lé e nítorí oògùn olóró. Ọ̀rọ̀ Strummer dá lórí ọba kan tó fòfin de orin, tí àwọn awakọ̀ òfurufú rẹ̀ kọ̀ láti ju bọ́ǹbù, tí wọ́n sì ṣí rédíò dípò rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà wá sọ ọ́ di orin tiwọn lásìkò ogun Gulf ní 1991. Bí orin ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ bó ṣe rí: yẹ̀yẹ́ tó wà nínú rẹ̀ rọrùn láti gbọ́ sódì. "Should I Stay or Should I Go" ní tirẹ̀ dé ipò kìíní nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1991 lẹ́yìn tí wọ́n fi polówó sòkòtò Levi's. Àwọn olólùfẹ́ ní Jones ń dágbére fún ẹgbẹ́ ni, Jones ní kò rí bẹ́ẹ̀, orin lásán ni.

"Straight to Hell" ló ní kí ẹ ra àwo yìí. Ó bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ilé-iṣẹ́ irin ti ń dípẹtà, tí wọ́n sì ń sọ fún àjèjì pé kò sí àyè fún un. Ó kọjá sí Vietnam, sọ́dọ̀ ọmọ tí ọmọ ogun Amẹ́ríkà bí sílẹ̀ tó sì fi lọ, tó ń na fọ́tò sí bàbá rẹ̀. Kò sí ariwo nínú rẹ̀ rárá. Olórin M.I.A. gé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fi ṣe "Paper Planes" ní 2007, ó sì fi kọrin nípa bí wọ́n ṣe ń wo àwọn tó ń wá ìwé ìgbélùú. Ẹni tó bá ti dúró níwájú òṣìṣẹ́ ìjọba rí ní London, tó ń di fáìlì rẹ̀ mú, kò nílò olùtúmọ̀ fún orin méjèèjì.

Tí afrobeat bá ni ilé yín

Nígbà náà, béèsì ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní "The Guns of Brixton", kí ẹ fo gbogbo ìyókù, kí ẹ sì lọ gbọ́ *The Good, the Bad & the Queen* ti 2007. Simonon ló ta béèsì níbẹ̀, Damon Albarn lé orin, ẹni tó sì jókòó sídìí ìlù ni Tony Allen, onílù Fela. Wọ́n tún ṣe *Merrie Land* ní 2018, kí Allen tó kú ní Paris ní April 2020. Lẹ́yìn èyí, *Sandinista!* kò ní ga jù yín mọ́, torí etí yín ti mọ orin tí kò kánjú.

Ẹni tó kù, tí kò mọ ibi tó máa ki ẹsẹ̀ bọ̀, kó mú *London Calling*, lẹ́yìn rẹ̀ àwo àkọ́kọ́ ti Amẹ́ríkà, lẹ́yìn rẹ̀ *Combat Rock*. Ẹ ṣọ́ra tí ẹ bá ń ra àwo àkọ́kọ́ lọ́wọ́ alájàpá, torí orúkọ kan náà ni méjèèjì ń jẹ́, páálí wọn sì jọra. Orin tó ṣáájú ni kí ẹ wò: bó bá jẹ́ "Janie Jones", ti Gẹ̀ẹ́sì ni. Bó bá jẹ́ "Clash City Rockers", ti Amẹ́ríkà ni.